Bí Ẹsẹ̀ Kílọ́ọ̀ṣì Bá Le, Ẹ Má Tíì Sanwó

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ata tàbí èlùbọ́, ti ọkọ̀ tí ń kó wọn ni. Púpọ̀ nínú wa ló fi owó àjọ ra ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tí ń wà á kọ́ ní í sanwó àtúnṣe, àwa ni.

Bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ kan tí àwa mélòó kan fi ń kó ẹrù láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí ọjà Akẹ̀sán ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Dírẹ́bà ní ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ti le, pé kí òun tó dé Ọ̀yọ́, orúnkún òun á ti máa gbọ̀n. Mẹkáníìkì kan kàn yọjú wò ó, ó ní àfi kí a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, kí a ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun. A ti ń dáwó jọ kí àgbà mẹkáníìkì mìíràn tó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Wáyà ló ti ń já ní fọ́nrán fọ́nrán nínú páìpù rẹ̀!

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí ẹ ní. Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, àti bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, wáyà ni wọ́n ń lò. Peugeot 504, tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà náà, òìlì bíréèkì ni tirẹ̀.

Fún ti wáyà, ẹ ní kí mẹkáníìkì tú u lẹ́yìn, níbi tí ó ti so mọ́ gíábọ́ọ̀sì, kí ẹnì kan wá tẹ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá ṣì le, wáyà tàbí ìdí ẹsẹ̀ náà tó ti dógùn-ún ni. Kí ló kan ẹ́ńjìnnì? Bí ó bá fúyẹ́, kò tíì dájú o. Páìpù rírọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ jù, wáyà á máa há bí ó bá ti ń fa ẹrù. Ẹ wò ó kí ẹ tó gbà pé inú ló ti bàjẹ́.

Fún ti òìlì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára èyí tí wọ́n ń pè ní lówà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì le, rọ́bà tí òìlì ń gbà kọjá ti dí, tàbí ọ́pà ló há. Bí ó bá rọ̀, ẹ wo lówà àti inú gíábọ́ọ̀sì. Ohun tó ń bà wá nínú jẹ́ ni dírẹ́bà tí ń da òìlì ẹ́ńjìnnì sí ibi òìlì bíréèkì. Gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ á wú. Ẹ má gbà kí wọ́n kàn pààrọ̀ òìlì. Àfi kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ àwọn rọ́bà náà.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń le láti oṣù mélòó kan, tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo lórí òkè tí ọkọ̀ kò sáré, péléètì ti jẹ tán nìyẹn. Owó ńlá ti dé. Kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́ríǹ pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ má baà san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí dírẹ́bà má sọ pé òun á máa "mánéèjì" rẹ̀. Bí wáyà bá já lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lóru, tí tírélà wà lẹ́yìn, ata tó máa rà ló kéré jù níbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì tiwa, wáyà tuntun àti gíríìsì ló tó o. Dírẹ́bà kò dárúkọ orúnkún mọ́.