Onílé Mi Tí Í Máa Kí Òṣùpá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, pé bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi rìn dé ẹkùn Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó rí kì í ṣe abuké kankan, bí kò ṣe ìyá arúgbó kan tí ó wọ kóòtù lé aṣọ ìwọ̀sùn, tí ó gbé àwo omi lọ́wọ́, tí ó dúró ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní aago mọ́kànlá òru, tí òṣùpá àrànmọ́jú sì wà nínú àwo náà rokoṣo bí ẹyin inú ọpọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, ọ̀sẹ̀ kejì mi nìyẹn nínú yàrá òkè tí mo háyà lọ́wọ́ rẹ̀, omi mímu ni mo sì sọ̀kalẹ̀ wá bù. Mo gbàgbé omi. Mo yọ́ kẹ́lẹ́ padà sókè, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ń ka Sáàmù 91 títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní òwúrọ̀, bí ó ti ń bu tíì fún mi, ó ní òun gbúròó ẹsẹ̀ mi lóru, kí n má bẹ̀rù, pé òṣùpá ni òun ń kí, nítorí pé ẹlẹ́sìn Wíkà ni òun. Lẹ́yìn èyí ni ó wá fi ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àjẹ́ pe ara rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ó ń sọ pé aránṣọ ni òun. Ife gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ta ni ọmọ Yorùbá tí a fi “àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí” tọ́ dàgbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ̀n?

Ọdún mẹ́ta ni mo lò nínú ilé náà. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ, ṣùgbọ́n n kò lè pe ẹni tí ó tó bí mi lórúkọ, “Màmá” ni mo sì ń pè é títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú ọdún mẹ́ta yẹn ni mo mọ̀ pé ìtumọ̀ tí ọkàn mi fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní kò bá a mu rárá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èyí tí àwa ń pè ní àjẹ́, agbára inú ni, agbára Ẹlẹ́yẹ, tí a gbà pé ó ń fò lóru, tí ẹni tí ó ní in kì í jẹ́wọ́ lójú ọ̀sán, tí àwọn àgbà kì í sì í dárúkọ Ìyàmi Òṣòròǹgà láìfọwọ́ kanlẹ̀. Wíkà, ní tirẹ̀, ẹ̀sìn ni: ènìyàn a fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án, a kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ṣẹ́, a máa bọ òrìṣà obìnrin kan tí òṣùpá jẹ́ àmì rẹ̀ àti òrìṣà ọkùnrin oníwo kan tí ó ni igbó àti ẹranko inú rẹ̀, a sì máa ka ọdún pẹ̀lú ìrìn oòrùn.

Ẹ̀sìn náà kò tilẹ̀ pẹ́ tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Gerald Gardner, tí a bí ní ẹ̀bá Liverpool ní 1884, tí ó ṣiṣẹ́ nínú oko tíì àti oko rọ́bà ní Éṣíà kí ó tó di òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Malaya, ni ó gbé e jáde sójú ayé. Ó ní lẹ́yìn tí òun fẹ̀yìntì padà sílé, àwọn kan gba òun wọ ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan ní agbègbè igbó New Forest ní 1939, pé ẹ̀sìn ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ti wà kí ìgbàgbọ́ tó dé ilẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Margaret Murray ti kọ irú ìtàn yìí sínú ìwé ní 1921, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn tú u wò fínnífínní, wọn kò sì rí ẹ̀rí tí ó gbè é lẹ́sẹ̀. Doreen Valiente, tí ó wọ ẹgbẹ́ Gardner ní 1953, ni ó tún púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìsìn wọn tò kí ó tó dùn ún gbọ́ létí. Nígbà tí mo bi Màmá bóyá kò dùn ún pé ẹ̀sìn rẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí tó bẹ́ẹ̀, ó ní òṣùpá kò kéré lọ́jọ́ orí, òun sì ni òun ń kí.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1735, tí ó ń sọ ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní alágbára àjẹ́ sẹ́wọ̀n, wà nínú ìwé òfin títí di 1951. Lẹ́yìn tí wọ́n pa á rẹ́ ni Gardner tó gbé ìwé rẹ̀, Witchcraft Today, jáde ní 1954. Lákòókò kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pa òfin yẹn rẹ́, ní 1950 sí 1951, ni ẹgbẹ́ Àtíńgà gba ọ̀nà Dàhòmì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń yẹ àwọn obìnrin wò bóyá àjẹ́ ni wọ́n, àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n sì ń fọ́ ojúbọ òrìṣà, títí ìjọba fi fòfin dè wọ́n. Ìyá ìyá mi wà nínú àwọn tí aráyé nàka sí láyé ìgbà yẹn, ní ìlú tí n kò ní dárúkọ. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ láyé ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni, ó sì ti sin ọmọ méjì.

Kí wá ni Màmá ń ṣe lójoojúmọ́ tí a fi lè pè é ní ẹlẹ́sìn? Ohun tí ó ń ṣe kò pọ̀, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò tilẹ̀ ní rí i. Lórí pẹpẹ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ ni iyọ̀ wà nínú àwo pẹlẹbẹ fún ilẹ̀, omi nínú ife fún omi, àbẹ́là fún iná, àti tùràrí fún afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti jí, yóò tan àbẹ́là náà, yóò dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí omi tíì fi ń hó, yóò sì pa á. Bí ó bá ń ro ọbẹ̀, apá ibi tí oòrùn ń yí sí ni ó ń ro ó sí. Ó mọ ọjọ́ tí òṣùpá lé láìwo kàlẹ́ńdà, ó sì ń kọ ohun gbogbo, ewé tí ó rí, àlá tí ó lá, àdúrà tí ó gbà, sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ìwé Òjìji.

Ní ọjọ́ kan, mo ń wá ohun tí n ó fi gé búrẹ́dì, mo sì na ọwọ́ mú ọ̀bẹ olójú méjì eékù dúdú kan lórí pẹpẹ yẹn. Kò pariwo mọ́ mi. Ó gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó fi aṣọ nù ún, ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì fún mi ní ọ̀bẹ búrẹ́dì. Ó ní ọ̀bẹ yẹn kì í gé ohun tí ọwọ́ lè mú. Òun ni òun fi ń fa òbìrìkìtì sínú afẹ́fẹ́ yí ara òun ká, kí òun tó kí igun ayé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òun tó jẹ àkàrà òyìnbó kékeré kan, kí òun mu wáìnì díẹ̀, kí òun sì ta ìyókù sílẹ̀ fún ilẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi títa wáìnì sílẹ̀, ẹ̀rín pa mí, nítorí pé níbi tí a ti bí mi, ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún ẹnikẹ́ni?

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan wá dé tí a jí bá ọ̀rọ̀ àbùkù tí àwọn kan fi ọ̀dà pupa kọ sí ilẹ̀kùn iwájú. Inú mi ru. Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ kò ní ṣe nǹkan sí wọn ni?” Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi ọṣẹ, ó ń fọ ilẹ̀kùn lọ, ó sì dá mi lóhùn pé òfin tí ó ga jù lọ́dọ̀ àwọn ni pé kí ènìyàn ṣe ohun tí ó wù ú bí kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára, àti pé ohun tí òun bá rán jáde, ìlọ́po mẹ́ta ni yóò fi padà wá bá òun. Mo ní àwa náà ń sọ pé ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Lálẹ́, ó tan àbẹ́là kan. Mo bi í bóyá fún àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà ni, ó ní rárá, fún ìbínú inú òun ni, kí ó bá a jó tán.

Àwọn ẹlẹ́sìn yìí kò pọ̀: nínú ètò ìkànìyàn England àti Wales ní 2021, bíi 13,000 ènìyàn ni ó kọ Wíkà sílẹ̀ ní ẹ̀sìn wọn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2007 ni ìjọba tó gbà kí a máa gbẹ́ ìràwọ̀ onígun márùn-ún tí ó jẹ́ àmì ẹ̀sìn náà sára òkúta ibojì àwọn ọmọ ogun wọn tí ó kú.

Ọdún mẹ́jọ ni àwọn ẹlẹ́sìn Wíkà ń ṣe láàárín oṣù méjìlá, láti ọjọ́ tí òru gùn jù ní oṣù Kejìlá dé ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù ní oṣù Kẹfà, pẹ̀lú ọjọ́ méjèèjì tí ọ̀sán àti òru dọ́gba, àti mẹ́rin mìíràn tí ó wà láàárín wọn. Nínú gbogbo wọn, Samhain ni Màmá fẹ́ràn jù, alẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, nígbà tí ewé bá ti wọ́ tán, tí wọ́n sì gbà pé aṣọ tí ó wà láàárín òkú àti alààyè fẹ́lẹ́. Ní ọdún kẹta mi níbẹ̀, ó tẹ́ tábìlì, ó gbé àwo síwájú àga tí ọkọ rẹ̀ ń jókòó sí nígbà ayé rẹ̀, ó gé èso ápù sí i, ó sì tún gbé àwo mìíràn kalẹ̀, ó bi mí pé ta ni tèmi.

Ó pẹ́ kí n tó fèsì. Mo sọ fún un nípa ìyá ìyá mi, àti ohun tí wọ́n pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà tí Màmá fi pe ara rẹ̀ ni. Mo kì í bí mo ti mọ̀ ọ́n kì: Àbẹ̀kẹ́, a-bọ́-ọmọ-ọlọ́mọ-bí-ẹni-bọ́-tirẹ̀. Màmá dákẹ́ títí mo fi parí, lẹ́yìn náà ni ó gbìyànjú láti pe orúkọ náà, ohùn rẹ̀ ròkè níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀, mo tún un pè, ó tún un pè, nígbà kẹrin ni ó pè é gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilé wa ti ń pè é. Ó ṣí Ìwé Òjìji rẹ̀, ó kọ orúkọ náà sí abẹ́ ti ọkọ rẹ̀, ó sì bi mí ibi tí àwọn àmì ohùn tí mo sọ pé ó máa ń wà lórí rẹ̀ ń gbé. Mo gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi wọ́n sí i.