Ilé oúnjẹ tí kò fi àyè ṣòfò

Tábìlì mẹ́rin péré ni Hiroaki Aoki, ọmọ Japan tó ti ta áísìkiriìmù ní Harlem rí, fi bẹ̀rẹ̀ Benihana ní New York lọ́dún 1964. Teppanyaki ló ń tà: ẹran tí wọ́n ń yan lórí irin pẹlẹbẹ gbígbóná, níwájú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ gan-an.

Owó ilé ni ọgbọ́n ibẹ̀ dá lé. Oníbàárà kì í jókòó sílé ìdáná. Nígbà tí alásè ti ń dáná lórí tábìlì, àyè tí ilé ìdáná ì bá gbà di ti àga. Ẹni mẹ́jọ tí wọn ò mọra rí lè yí irin kan ká. Ẹran màlúù, adìẹ àti edé ni olórí ọjà, ohun tó ń bàjẹ́ kò sì pọ̀. Alásè á máa fi ọ̀bẹ dárà (ìpolówó ọjà nìyẹn náà), ṣùgbọ́n bó bá ti tẹríba, oníbàárà mọ̀ pé ó ti ń tó àkókò láti dìde fún ẹlòmíràn.