Bí Òtútù Ṣe Ń Jí Agbára Ìbọn .303

Ogun Hitler ló bí ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì, láàárín Yábàá àti Fádéyì. Ní 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló jà ní Bọ́mà lábẹ́ Division 81 àti Division 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìbọn tó sì wà léjìká ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Lee-Enfield, tó ń yin ọta .303. Àwọn ọlọ́pàá wa náà lò ó títí lẹ́yìn òmìnira. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní Sùúrùlérè tàbí Múṣin á rántí “Mark 4” tí wọ́n máa ń gbé kọ́ èjìká.

Ìbọn yìí kò tíì fẹ̀yìn tì lókè òkun. Ní Bisley, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹgbẹ́ ayìnbọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859 ti ń ṣe ìdíje láti 1890, ìpàdé kan wà tí wọ́n ń pè ní Trafalgar tó jẹ́ ti àwọn ìbọn àtijọ́. Oṣù October ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí òwúrọ̀ ibẹ̀ ti ń mú ni léegun. Ní Amẹ́ríkà, Camp Perry ní Ohio ni ojúbọ àwọn ayìnbọn láti 1907. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni ìdíje ńlá ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké káàkiri orílẹ̀-èdè náà a máa díje nínú yìnyín pẹ̀lú ìbọn Garand, Springfield 1903 àti Lee-Enfield yìí kan náà. Ọmọ wa tó bá wà ní Calgary tàbí Winnipeg ní Kánádà lè bá ara rẹ̀ nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tí òtútù ń ṣe fún ìbọn náà ni mo fẹ́ túmọ̀ lónìí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa dá ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi lásán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. James Paris Lee, ọmọ Scotland tó dàgbà ní Kánádà, ló ronú kan irin ìdí rẹ̀, èyí tí àwọn sójà ń pè ní bolt. Enfield ní àríwá Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n ti ń rọ ọ́. 1988 ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, ilé gbígbé ló sì wà níbẹ̀ báyìí. Ìbọn kúkúrú àkọ́kọ́ nínú ìran yìí wọ iṣẹ́ ológun ní 1903, èyí tí wọ́n ń pè ní No. 4 sì tẹ̀ lé e ní 1941. Bí ẹ bá di ọwọ́ bolt mú, tí ẹ gbé e sókè díẹ̀, irin méjì tó há mọ́ ara ìbọn lẹ́yìn á tú. Ẹ fà á sẹ́yìn, péépéé kátíríìjì tó ti yìn á ta jáde. Ẹ tì í síwájú, ó á gbá kátíríìjì tuntun láti inú àpò ọta tó ń gba mẹ́wàá, ó á tì í wọlé. Nínú títì síwájú yẹn gan-an ni sípíríngì ti ń fún pọ̀, tí irin kékeré kan á sì dá abẹ́rẹ́ ìbọn dúró sẹ́yìn, kó máa retí. Mauser àwọn ará Jámánì a máa fún sípíríngì tirẹ̀ pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọwọ́ bolt sókè. Ti Lee fi iṣẹ́ yẹn sí ìgbà títì, ìdí sì nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi rọrùn láti gbé, tí ó sì fi yá ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣáájú ogun 1914, sójà Gẹ̀ẹ́sì ní láti lè yin ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìṣẹ́jú kan sí àmì tó wà ní 300 yáàdì.

Bí ìka bá wá fa irin ìyìnbọn, abẹ́rẹ́ á fò síwájú, á gún ojú iná kékeré tó wà ní ìdí kátíríìjì. Iná á ràn mọ́ ẹ̀tù, ẹ̀tù á di gáàsì gbígbóná, gáàsì á ti ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn. Nínú ọ̀pá náà ni wọ́n gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún sí, tí wọ́n lọ́ sápá òsì, tí wọ́n ń yí ká tán nínú ínǹṣì mẹ́wàá. Ihò wọ̀nyẹn ló ń mú ọta yí bí òkòtó kí ó má bàa takìtì lójú afẹ́fẹ́. Ọta Mark VII, tí kò wúwo ju gíráàmù mọ́kànlá àti díẹ̀ lọ, á jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú eré 744 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ooru ló ń ti ọta jáde nínú gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀ ooru náà ni òtútù ń jí, láti ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi àkọ́kọ́ tó ti ń jí i, lójú tèmi òun ló sì léwu jù, ni ọ́ìlì. Ẹ lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, ẹ béèrè ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: 20W-50 ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á kọ́kọ́ nà sí yín, nítorí ó bá ooru Èkó mu. Nọ́ńbà tó ṣíwájú W ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà òtútù. Bó bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì náà ṣe ń ṣàn wéré tó. Ẹni tó bá da 20W-50 sínú mọ́tò ní Winnipeg ní oṣù January, tó wá ji ọkọ̀ láàárọ̀, ọkọ̀ lè má jí rárá, nítorí ọ́ìlì ti ki bí ògì tó sùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gírísì ń ṣe nínú bolt. Inú ihò tóóró ni abẹ́rẹ́ ìbọn àti sípíríngì rẹ̀ ń gbé. Bí gírísì àtijọ́ bá wà níbẹ̀, tí òtútù mú un ki, abẹ́rẹ́ tó yẹ kó fò á máa wọ́ ẹsẹ̀. Ó lè fọwọ́ kan ojú iná láì gún un, kí ìbọn kọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kátíríìjì ò tètè gbiná: ẹ ti fa irin, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ wá ń ṣí bolt láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn ni yóò wá dún. Torí náà, bí ìbọn bá kọ̀, ẹ má ṣí i. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ dúró sí ọ̀kánkán àmì, ó kéré tán fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Kò sí ìdíje tó tó ojú ènìyàn.

Oògùn rẹ̀ kò le. Kí ìgbà òtútù tó dé, wọ́n á tú bolt palẹ̀, wọ́n á fi kẹrosíìnì fọ gbogbo gírísì inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á nù ún gbẹ. Lẹ́yìn èyí, ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ni wọ́n á fi ra á, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ nu inú ọ̀pá ìbọn kí wọ́n tó yìn ín, nítorí ọta tó bá gba inú ọ́ìlì kọjá kì í lọ síbi tí èyí tó tẹ̀ lé e ń lọ.

Ẹ̀tù ni ibi kejì. Ẹ̀tù tó tutù kì í jó kánkán bí èyí tó gbóná. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀tù ìgbàlódé, ìṣirò tí àwọn ayìnbọn ń lò ni pé ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan tí ó bá wálẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdajì mítà lọ́wọ́ eré ọta. Ká ní ẹnì kan to ìbọn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ooru jẹ́ 30, bí ọ̀sán Yábàá, tó wá lọ díje níbi tó jẹ́ 5 lábẹ́ òdo. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n 35 nìyẹn, eré ọta ti fi bíi mítà mẹ́tàdínlógún dín kù. Lórí 200 yáàdì, kò ju ìbú ìka kan lọ, ẹni tó ń díje lè má mọ̀. Lórí 600 yáàdì, ọ̀rọ̀ di ńlá, torí pé ọta tó lọ́ra pẹ́ lójú ọ̀run, ilẹ̀ sì ń fà á ní gbogbo àkókò yẹn.

Afẹ́fẹ́ náà tún ń bù kún un. Afẹ́fẹ́ tútù ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Láàárín 30 àti 5 lábẹ́ òdo, ó ki jù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ọta ní láti la ohun tó ki yẹn kọjá pẹ̀lú eré tó ti dín kù tẹ́lẹ̀. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ọta lè fi ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ balẹ̀ sísàlẹ̀ ibi tí ojú ń wò lórí 600 yáàdì. Ojú ìríran ẹ̀yìn No. 4, èyí tó ní bọ́tìnnì yíyí, ni wọ́n fi ń tún un ṣe: bí bọ́tìnnì náà bá ṣe “kẹ̀” lẹ́ẹ̀kan, ọta á gòkè ní nǹkan bí ínǹṣì mẹ́fà lórí 600 yáàdì. Ayìnbọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í yí i ní àbá. Ó ní ìwé tó ń kọ ìwọ̀n ooru ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àti iye “kẹ̀” tí ó yí sí.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ooru tí ọta rí gbà ṣáájú yíyìn ló ṣe kókó. Ẹni tó kó kátíríìjì sápò inú kóòtù, tó sì tún kó òmíràn sínú àpótí lórí yìnyín, á máa yin oríṣi ọta méjì nínú ìdíje kan. Bákan náà, bí ọ̀pá ìbọn bá ti gbóná nínú abala yíyìn kíákíá, kátíríìjì tó bá jókòó sínú rẹ̀ pẹ́ á mu ooru, á sì gòkè ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Títì bolt dé ìdí nígbà tí a bá ti ṣe tán láti yìn ni ó dára.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló kan Èkó nínú èyí. Òtútù tiwa, ọyẹ́ ni. Kì í sábà tutù ju 20 lọ láàárọ̀ Èkó, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀tù kò le lọ́dọ̀ wa. Gbígbẹ àti eruku ni iṣẹ́ ọyẹ́. Igi gígùn ló bo Lee-Enfield láti ìdí dé nítòsí ẹnu. Lórí No. 4, igi náà ń fi agbára díẹ̀ gbé ọ̀pá ìbọn sókè níwájú. Bí ọyẹ́ bá fa omi inú igi yẹn mu, tí igi sún kì, agbára tó ń gbé ọ̀pá á yí padà, ọta á sì yà kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ojú ìríran. Eruku ọyẹ́ tó bá bá ọ́ìlì pàdé a di amọ̀ tó ń họ irin. Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà mọ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ẹ̀tù dúdú, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ iyọ̀ saltpetre tí a pò mọ́ èédú àti imí ọjọ́, òjò ni ọ̀tá rẹ̀, ọyẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni ṣakabùlà ń dún jù.

Ní Nàìjíríà, òfin ohun ìjà 1959 kò fàyè gba ará ìlú láti ní ìbọn ológun láìsí ìyọ̀ǹda Ààrẹ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Àwọn sójà ló ń fi ìbọn ológun díje láàárín ara wọn nílé wa.

Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù nípa ìbọn yìí wá láti Kánádà. Canadian Rangers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 láti máa ṣọ́ àwọn ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá, lo No. 4 títí di nǹkan bí 2018 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ìbọn tuntun tó ń jẹ́ C19. Ìbọn tó la Bọ́mà já nínú òjò àti ẹrẹ̀ tún la ilẹ̀ yìnyín já fún bí àádọ́rin ọdún. Irin rẹ̀ kò há mọ́ra jù. Àyè díẹ̀ tó wà láàárín bolt àti ara ìbọn ń jẹ́ kí ó máa rìn nígbà tí irin bá sún kì tàbí tí eruku bá wọlé.

Lẹ́yìn ìdíje ni ìpalára tó pọ̀ jù ń ṣẹlẹ̀. Ìbọn tó tutù, tí wọ́n gbé wọ ilé gbígbóná, omi á bò ó lára kíá, bí gíláàsì ojú ṣe ń bò nígbà tí èèyàn bá jáde láti inú ọkọ̀ oní-AC sí oòrùn Ojúẹlẹ́gba. Omi yẹn á wọ ibi tí aṣọ ìnùbọn kò dé. Bí wọ́n bá sì yin ọta .303 tó ti ìgbà ogun wá, ojú iná rẹ̀ ń fi iyọ̀ kan sílẹ̀ nínú ọ̀pá, iyọ̀ náà ń fa omi mọ́ra, ìpẹtà sì lè bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ́ìlì kì í yọ iyọ̀. Nítorí náà, kí wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ nínú báàgì rẹ̀ tí wọ́n dé pa, kó rọra gba ooru ilé. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n yọ bolt, kí wọ́n fi àrọ da omi híhó gba inú ọ̀pá kọjá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é nínú ológun Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un. Omi á yọ́ iyọ̀ kó o jáde, ọ̀pá á gbóná débi tí yóò fi gbẹ fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ́ìlì tó kàn.