Ẹ̀wà tuntun Ghana: Kí ló dé tí ohun tó ń pa kòkòrò kò fi ń pa ẹni tó jẹ ẹ́?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga nílùú Accra da ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ Food Sovereignty Ghana pè láti ọdún 2015 nù. Ẹgbẹ́ náà kò fẹ́ kí wọ́n ta irúgbìn GMO, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, fún àwọn àgbẹ̀ Ghana.

Ẹ̀wà wà lára irúgbìn tí ẹjọ́ náà dá lé. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀wà Songotra T, tí àwọn onímọ̀ CSIR-SARI ṣe.

Àmọ́ ẹni tó ń jẹ waakye láàárọ̀ lè béèrè pé: bí ẹ̀wà bá ń pa kòkòrò, kí ló máa ṣe fún ikùn tèmi?

Inú ìfun kòkòrò ni iṣẹ́ wà

Kòkòrò Maruca máa ń jẹ òdòdó ẹ̀wà, á sì lu èèpo rẹ̀ wọnú. Ó lè ba ìdá 80 nínú 100 irè oko jẹ́, ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ kan fi ń fín oògùn tó ìgbà mẹ́jọ.

Àbùdá tí wọ́n fi sínú Songotra T wá láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ Bacillus thuringiensis, tàbí Bt. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀wà náà ní púrótéènì Cry1Ab.

Tí kòkòrò bá jẹ ẹ́, púrótéènì yìí á lẹ̀ mọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì ìfun rẹ̀, á sì dá ihò sí i. Sẹ́ẹ̀lì náà á wú, á bẹ́. Kòkòrò ọ̀hún kò ní lè jẹun mọ́ títí tó fi máa kú.

Ibi pàtó ló ń lẹ̀ mọ́, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo tirẹ̀ mu. Ìfun èèyàn kò ní àgádágodo yẹn, ikùn wa á sì dà á bí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń fín máa ń bá iṣan ìmọ̀lára kòkòrò jà, irú èyí tí èèyàn náà ní.

Ibi tí ewu kù sí

Cry1Ab kì í pa àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara ẹ̀wà mu, nítorí náà, àgbẹ̀ ṣì máa fín oògùn díẹ̀.

Kòkòrò pẹ̀lú lè yí padà. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ ní South Africa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àgbàdo tó ní Cry1Ab kò pa àwọn kòkòrò kan tó ń lu igi àgbàdo mọ́.

Ìmọ̀ràn fún àgbẹ̀ tó ń gbin irúgbìn Bt ni pé kó gbin ti àtẹ̀yìnwá díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kòkòrò tí Bt ṣì lè pa á máa gbé ibẹ̀, wọ́n á sì máa gun èyí tí Bt kò pa, kí agbára ẹ̀wà náà má baà tètè tán.