Ọ̀dà Àtijọ́ Lára Ẹ́ńjìnnì Tuntun: Kí Ló Fà Á Tí Inú Àwọn Kan Ń Dùn, Tí Àwọn Kan Ń Ráhùn?

(Ohùn tí admin fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ, àti àwọn tí dátà wọn kò tó.)

  Admin yín ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀ láti Iva Valley níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ogbete, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Coal Camp, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó lọ sí Aba tàbí Port Harcourt tẹ́ ẹ ò tíì já wa sílẹ̀, mo kí gbogbo yín. Ọjà á tà o.

Ọ̀rọ̀ òní, ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnìkan nínú wa ju fídíò kan sórí gúrúùpù: ẹ́ńjìnnì rélùwéè ní Amẹ́ríkà, iwájú rẹ̀ àwọ̀ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ àwọ̀ mìíràn. Àwọn kan ní ó rẹwà. Àwọn kan ní ọ̀dà ló tán lọ́wọ́ wọn. Alhaji wa tó ń ta ọ̀dà ní tí òun bá kùn ún báyẹn fún kọ́sítọ́mà, kò ní rówó gbà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin náà ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, wọn ò sì fi ṣeré. Mo ní kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ó kan àwa oníṣòwò ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba kọ́ ló ni ojú irin tó ń kó ẹrù. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ló ni ín. Nígbà kan, wọ́n pọ̀ lọ súà, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ àti àwọ̀ tirẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn kékeré, àwọn ńlá pàápàá ń dà pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá sì ra ẹlòmíràn, á kun àwọ̀ tirẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì onítọ̀hún. Kò ní pẹ́, orúkọ tí bàbá àti ọmọ jọ ṣiṣẹ́ fún á parẹ́ pátápátá.

Ní ọdún 2005, iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Union Pacific ní òun fẹ́ rántí àwọn tí òun ti gbé mì. Láàárín 2005 sí 2006, ó kun ẹ́ńjìnnì tuntun mẹ́fà ní àwọ̀ àwọn iléeṣẹ́ mẹ́fà tó ti wọnú rẹ̀. Nọ́ńbà tó kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọdún tí wọ́n dà pọ̀: 1982 fún Missouri Pacific, 1983 fún Western Pacific, títí dé 1996 fún Southern Pacific. Ní 2012, iléeṣẹ́ mìíràn, Norfolk Southern, pé ọgbọ̀n ọdún, òun náà kun ẹ́ńjìnnì 20 ní irú àwọ̀ ìrántí bẹ́ẹ̀. Ní 2023, CSX náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ilé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ní Waycross, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ló fọwọ́ ara wọn kùn ún. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni 1827, torí ọdún yẹn ni wọ́n dá Baltimore and Ohio sílẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ rí nínú fídíò, ti CSX ni. Iwájú, níbi tí awakọ̀ ń jókòó, àwọ̀ CSX ti òde òní ló wà níbẹ̀. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ni àwọ̀ àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá ń dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú ọ̀dà? Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí, ẹ jẹ́ kó ronú sí danfo. Tẹ́ ẹ bá ti rí yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú, ẹ ò tíì ka nǹkan kan tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ohùn kọ̀ńdọ́ létí yín. Oṣódì á wá sí yín lọ́kàn, ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé Èkó náà á wá. Ọ̀dà nìkan ló ṣe gbogbo ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wọn. Ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ fi gbogbo ayé ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ tí kò sí mọ́, tó dúró lẹ́bàá ojú irin, tó ṣàdédé rí àwọ̀ yẹn tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ṣé ẹ rò pé omijé ò ní bọ́ lójú rẹ̀? Àwọn míì máa ń wakọ̀ lọ sọ́nà jíjìn torí kí wọ́n lè ya fọ́tò ọ̀kan péré nínú wọn. Ayọ̀ gidi ni, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó dáa. Àwọn tó ń ráhùn ńkọ́? Mo kó ẹjọ́ wọn sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkíní, aṣọ ò bá ara mu. Ẹ́ńjìnnì ayé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní imú róbótó, wọ́n sì fa ìlà ọ̀dà náà kó lè tẹ̀ lé bí ara wọn ṣe rí. Ẹ́ńjìnnì òde òní rí gbọngbọn bí àpótí. Tí wọ́n bá gbé ìlà yẹn sórí rẹ̀, á ṣẹ́ níbí, á wọ́ lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni àwọn tó fẹ́ràn rélùwéè ń wá, wọn ò rí i.

Èkejì, ọ̀rọ̀ iwájú yẹn. Wọ́n ní tí CSX bá fẹ́ bọlá fún òkú, kó bọlá fún un tán. Kí ló dé tí ojú jẹ́ tirẹ̀, tí ẹ̀yìn jẹ́ ti òkú? Àwọn kan sì ń gbèjà rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ni ẹ́ńjìnnì, òun ló ra ọ̀dà, ó sì dáa kí èèyàn rí i pé ti àná àti ti òní jọ wà lára nǹkan kan ṣoṣo. Ẹjọ́ ọ̀hún ò tíì parí.

Ẹ̀kẹta, ta ni wọ́n yọ sílẹ̀? Iléeṣẹ́ tó ti wọnú Union Pacific ju mẹ́fà lọ dáadáa. Ẹni tí wọn ò bá kun ti bàbá tirẹ̀, inú rẹ̀ ò lè dùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí wọ́n bá ń ki èèyàn lóde ìnáwó tí wọ́n fo orúkọ ẹnìkan, àsè yẹn ti korò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ló ká mi lára jù, torí ọ̀rọ̀ òwò ni. Lọ́dún 2004, kó tó kun ẹ́ńjìnnì kankan, Union Pacific pe àwọn iléeṣẹ́ méjì tó ń ṣe rélùwéè ìṣeré lẹ́jọ́, Athearn àti Lionel. Ó ní àwọn orúkọ àti àmì iléeṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ń kùn sára ọkọ̀ ìṣeré wọn, òun ló ni wọ́n báyìí, kí wọ́n sanwó. Ariwo ta. Ìgbà tó di 2006 ló jáwọ́ nínú owó tó ń bèèrè. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi sọ pé ìrántí kọ́ ló wà nínú ọ̀dà yẹn, pé ìlò ló ń lò ó kí ẹlòmíràn má baà gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ṣèpàdé, mi ò lè búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orúkọ òkú lè pa owó fún alààyè.

Ìlú Ọba náà ní tiwọn. Ẹ́ńjìnnì kan wà níbẹ̀ tó lókìkí, Flying Scotsman. Wọ́n ṣe é ní Doncaster lọ́dún 1923. Ní 1934, ó sá eré 100 máìlì ní wákàtí kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ ni wọ́n kùn ún. Nígbà ogun Hitler, wọ́n kùn ún ní dúdú. Lẹ́yìn tí ìjọba gba gbogbo rélùwéè lọ́dún 1948, ó wọ búlúù, kó tó wá wọ àwọ̀ ewé tó dúdú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè wọn rà á ní 2004. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán ní 2016, àwọ̀ ewé tó dúdú ló wọ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, wọ́n ní ewé tó mọ́lẹ̀ yẹn làwọn mọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dá wọn lóhùn pé símínì rẹ̀ àti irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí, ti ìgbà ìkẹyìn iṣẹ́ rẹ̀ ni, torí náà àwọ̀ ìgbà yẹn ló tọ́ sí i. Ṣé ẹ rí i? Ẹ́ńjìnnì gidi lèyí, kì í ṣe ọmọdé tó wọ aṣọ àgbà, síbẹ̀ ìjà wà. Ẹni tó bá ti gbé ayé pẹ́, ọjọ́ wo nínú ayé rẹ̀ lẹ fẹ́ fi rántí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Rélùwéè tiwa náà ní àwọn tó gbé mì. Lọ́dún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ èyí tó lọ láti Baro sí Kano, wọ́n pè é ní Nigerian Railway. Ní 1955 ló di Nigerian Railway Corporation. Ta ló ń rántí Baro nínú wa? Ní tiwa, orúkọ la máa ń fi rántí èèyàn ju ọ̀dà lọ. Ẹ wo ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021: orúkọ Wọlé Ṣóyínká wà ní ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta, ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Mọ́níyà, ti Mobọ́lájí Johnson wà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ní Ẹ̀búté Mẹ́ta yẹn náà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy tún Ilé Jaekel ṣe, ilé òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, wọ́n sì kó àwọn ohun àtijọ́ síbẹ̀ kí àwọn ọmọ lè wá wò ó.

Ilẹ̀ tí mo dúró lé yìí wá ńkọ́? Èédú ló bí Enugu. Ọdún 1909 ni wọ́n rí i nínú òkè Udi yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, ojú irin láti Port Harcourt sì dé síbí ní 1916 láti wá kó o. Ní 1917 ni wọ́n ṣí ibi ìwakùsà Iva Valley níbí. Rélùwéè fúnra rẹ̀ ló ń ra èédú jù, torí èédú ni ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà yẹn ń jẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1949, àwọn awakùsà ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wọn, wọ́n rọra ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá wá kó ohun abúgbàù kúrò níbi ìwakùsà. Wọ́n yìnbọn. Awakùsà 21 ló kú, 51 fara gbọgbẹ́. Lẹ́yìn náà rélùwéè yípadà sí ẹ́ńjìnnì dísù, èédú sì pàdánù oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù.

Ní 2024, rélùwéè tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Port Harcourt dé Aba. Ẹ jẹ́ ká ní ó dé Enugu lọ́jọ́ kan, kí wọ́n wá ní àwọn fẹ́ kun ẹ́ńjìnnì kan ní àwọ̀ àtijọ́ fún ìrántí ọ̀nà yìí. Inú mi á dùn, mi ò ní purọ́. Èmi náà á jáde pẹ̀lú fóònù mi. Àmọ́ àwọ̀ ta ni wọ́n máa kùn? Àwọ̀ rélùwéè tó kó èédú lọ ni. Àwọn 21 tó wà á ò ní àwọ̀ kankan, ara wọn dúdú fún èédú ni. Tí ẹ́ńjìnnì yẹn bá dé tí orúkọ wọn ò sí níbì kankan lára rẹ̀, ìdajì ìtàn ni wọ́n kùn, bíi ti CSX yẹn náà ni.

Ohun tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: ẹni tó bá wọ orúkọ àná, kó gba gbèsè àná náà. Ògo nìkan kọ́ ló wà nínú ogún. Àwọn tó ń ráhùn yẹn kò kórìíra ọ̀dà. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé wọ́n mú ẹwà, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní ó kan wa nìyí. Ẹnìkan nínú wa, mi ò ní dárúkọ, ń ra ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé kan. Gbogbo ọjà mọ ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé bàbá yẹn, wọ́n mọ orúkọ tó wà lókè rẹ̀. Ó bi mí pé, "Admin, ṣé kí n kun tèmi ni, àbí kí n fi ti bàbá sílẹ̀ kí kọ́sítọ́mà má baà ṣìnà?" Mo ní kó jẹ́ kí n dáhùn níbí, kí gbogbo wa lè gbọ́.

Àbúrò mi, tó o bá fẹ́ fi orúkọ bàbá sílẹ̀, bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹlẹ́rìí méjì kó fọwọ́ sí i, torí orúkọ ní owó lórí. Kọ orúkọ tìrẹ sísàlẹ̀ kó hàn, kó má dà bíi pé bàbá ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Òṣùwọ̀n tí bàbá fi ń tà, òun ni kó o máa lò. Kó o sì mọ̀ pé àwọn tí bàbá jẹ ní gbèsè á rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn, wọ́n á kan ọ́ lára. Ẹ yanjú ìyẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ kó o tó san kọ́bọ̀ kan. Tí o ò bá lè gba gbogbo rẹ̀, kò sí ìtìjú ńbẹ̀, kun àwọ̀ tìrẹ, kó o bẹ̀rẹ̀ látorí ara rẹ.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ sí tèmi, àyè wà. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òṣèlú, ẹ má sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Ilẹ̀ onílẹ̀ la wà, àwọn tó kú níbí sì yẹ lẹ́ni tí àwa náà ń bọ̀wọ̀ fún. Alhaji, ẹ bá wa sọ iye tí gálọ́ọ̀nù ọ̀dà aláwọ̀ ewé jẹ́ báyìí, àbúrò wa lè nílò rẹ̀. Ọjà ọ̀la á tà o. Ó dàárọ̀.