Ibo gan-an ni wárápá ti ń gbéra nínú ọpọlọ?

Ẹni tí wárápá bá ń mú ní Sabon Zongo, àdúgbò tí Málàm Bako àti àwọn Hausa ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ dó ní Accra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń wà níwájú ẹbí rẹ̀. Ọ̀kan ni ọ̀dọ̀ àlùfáà, fún àdúà àti omi wàláà. Èkejì ni ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó ti wà ní Accra láti 1906, nítorí pé ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ni ọ̀pọ̀ oníwárápá ti ń gba oògùn ní Gánà. Ẹ̀kẹta ni Korle Bu, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1923, tí kò jìnnà sí Sabon Zongo. Ìbéèrè kan wà tó le láti dáhùn, ibi yòówù kí wọ́n gbé aláìsàn lọ: apá ibo nínú ọpọlọ rẹ̀ ni àrùn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀?

Iná wẹ́wẹ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ṣàdédé tú iná jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wárápá dé nìyẹn. Lára àwọn kan, ọ̀tún òsì ọpọlọ ló ń bẹ̀rẹ̀ papọ̀. Lára ọ̀pọ̀ mìíràn, ojúko kan ló ti ń gbéra kó tó ràn. Ẹni tó bá gbé agbo ilé Sabon Zongo rí, níbi tí yàrá rẹpẹtẹ ti ń pín iná kan lò, mọ irú rẹ̀: gbogbo ilé ló ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ni wáyà ti ń ṣẹ́ná. Mímọ yàrá náà ni iṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo oníwárápá ló nílò irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló ní wárápá láyé, àti pé tí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, tí wọ́n sì rí oògùn lò, àrùn náà lè má gbé nǹkan bí 70 nínú 100 wọn mọ́. Ní Kintampo, ní àárín gbùngbùn Gánà, ìwádìí kan tó jáde ní 2013 rí nǹkan bí ẹni 10 tó ní wárápá nínú 1,000. Phenobarbital, oògùn àtijọ́ tí owó rẹ̀ kéré, ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tó kù, tí wọ́n ti lo oògùn méjì tó bá àrùn wọn mu bó ṣe yẹ tí kò sì gbà, àwọn ni yíya àwòrán ọpọlọ wà fún.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ kò sí lára ẹ̀rọ rárá, ojú ẹni tó wà níbẹ̀ ló wà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, apá ọ̀tún ọpọlọ ni dókítà yóò kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́yìn náà ni EEG, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ wáyà rẹ̀ mọ́ orí. Hans Berger ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ gba iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀, ní Jámánì ní 1924. EEG mọ ìṣẹ́jú-àáyá tí iná náà ta, ṣùgbọ́n agbárí ń dí i lójú, ibi tó ti ta kì í hàn sí i dáadáa. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, a máa fi àpá àti ibi tí ọpọlọ ti hun ara rẹ̀ lódì hàn kedere, àmọ́ kò lè sọ bóyá àpá náà ló jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní àpá lọ́pọlọ tí wárápá kò mú wọn rí.

PET, ẹ̀rọ àwòrán mìíràn, ń wo bí ọpọlọ ṣe ń jẹ ṣúgà: ní àkókò tí ara bá balẹ̀, ibi tí àrùn wà sábà máa ń jẹun kéré sí ìyókù. Ó dára, ṣùgbọ́n ibi tó ń fi hàn máa ń fẹ̀ ju ojúko gan-an lọ. SPECT, ẹ̀rọ àwòrán kẹta, ló wù mí jù láti ṣàlàyé. Aláìsàn á sùn sí wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì á jókòó tì í pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Bí wárápá bá ti dé, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti oògùn onítànṣán sí iṣan rẹ̀. Oògùn náà á bá ẹ̀jẹ̀ sáré lọ síbi tí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ jù, á sì dúró síbẹ̀, débi pé bí wọ́n bá tiẹ̀ ya àwòrán náà lẹ́yìn wákàtí kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wárápá ń gbé e lọ́wọ́ ni yóò hàn. Ní Mayo Clinic, ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà yọ àwòrán ìgbà tí ara balẹ̀ kúrò nínú ti ìgbà tí wárápá dé, wọ́n sì gbé ohun tó ṣẹ́kù lé orí MRI aláìsàn náà.

Gbígbé àwòrán léra bẹ́ẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní irọ́ tirẹ̀. Nígbà tí EEG, MRI àti PET bá tọ́ka sí ibi kan náà, ọkàn oníṣẹ́ abẹ tó fẹ́ gé ojúko náà kúrò á balẹ̀. Tí wọ́n bá ta ko ara wọn, ó lè di dandan láti ki wáyà tín-ín-rín wọ inú ọpọlọ fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí àwọn dókítà Talairach àti Bancaud là sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Paris. Èrè iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe kékeré. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Kánádà ní 2001, ẹni 80 tí wárápá wọn ń ti ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ wá ni wọ́n pín sí méjì. Lẹ́yìn ọdún kan, wárápá tó ń sọni dìdàkudà ti kúrò lára 58 nínú 100 àwọn tó bọ́ sí ìpín iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ oògùn nìkan kò ṣe é fún ju 8 nínú 100 lọ.

Kí ni àǹfààní rẹ̀ fún ọmọ Sabon Zongo? Ìwádìí tí Godwin Ogbole ti Yunifásítì Ìbàdàn léwájú rẹ̀, tó jáde ní 2018, rí ẹ̀rọ MRI 84 péré ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 370 lọ. Ṣúgà onítànṣán tí PET ń lò tún le jù bẹ́ẹ̀: láàárín nǹkan bí 110 ìṣẹ́jú, agbára rẹ̀ ti já sí ìdajì. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Kaneshie, ní Accra, mọ ohun tí mò ń sọ.

Síbẹ̀, àtòpọ̀ àwòrán fúnra rẹ̀ kò gbowó lórí tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, àwọn ètò ọ̀fẹ́ sì wà fún un. Ní 2025, àwọn olùwádìí ní London gbé MELD Graph jáde, ètò kọ̀ǹpútà tó rí 64 nínú 100 àwọn àbùkù ọpọlọ tí àwọn dókítà ti wò fò lórí MRI. Àwòrán tí wọ́n yà ní Accra lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ amọṣẹ́ níbikíbi.

Owó ni ibi tí mo ti rí ẹ̀bi jù. Ìlànà L.I. 1809 ti 2004, tí ètò adójútòfò ìlera Gánà, NHIS, fi bẹ̀rẹ̀, yọ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kúrò nínú ohun tí yóò sanwó fún, àfi èyí tí ìjàǹbá bá fà. Ẹni tí ọ̀kadà gbá lórí wà lábẹ́ ààbò, ọmọ tí yínrùnyínrùn tàbí ìbí tó nira fi àpá sí lọ́pọlọ kò sí níbẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kò bọ́gbọ́n mu, ó yẹ kí àwọn aṣòfin Gánà pa á rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí wárápá bá gbé ẹnìkan níwájú yín, ẹ fi fóònù yà á, ẹ wo aago, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì fi fídíò náà han dókítà.