Ìṣẹ́ Olùrànlọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Lọ́dọ̀ Àwọn Tí Àìsàn Wọn Kò Gbóògùn Mọ́



Nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ tí a ń yẹ̀ wò ní Bódìjà, Agbowó àti Challenge, ẹ̀yáwó tí a kọ ‘owó ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì’ sí ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì gan-an, bí kò ṣe ti olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń pè ní ọ̀gsílíárì. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ ní họ́sípìsì ni àwọn fẹ́ ti ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe onídùúró, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí a ń yáwó kọ́.

Họ́sípìsì ni ìtọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀, bí irú jẹjẹrẹ, kò gbóògùn mọ́. A kì í lé e sílé pé kó lọ kú. Ìrora rẹ̀ ni a ń dín kù, a sì ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ gbé ẹrù náà. Dókítà Cicely Saunders ló ṣí St Christopher's ní London ní 1967. Ní 1993 Dókítà Anne Merriman bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Uganda, níbi tí aláìsàn ti ń mu mọ́fíìnì olómi nínú ilé ara rẹ̀. Ní Ìbàdàn tiwa, UCH, tí àwọn àgbà ń pè ní Oríta Mẹ́fà, ní ẹ̀ka irú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwó, dókítà oògùn akunnilóorun, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀.

Kí ni olùrànlọ́wọ́ ń ṣe níbẹ̀? Yóò wẹ aláìsàn, yóò fi ṣíbí bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, yóò pààrọ̀ aṣọ tó bàjẹ́, yóò máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí ìdùbúlẹ̀ má dá egbò sí i lára. Yóò fi omi tutù pa á létè. Bí ojú aláìsàn bá yí padà nítorí ìrora, òun ni yóò sáré pe nọ́ọ̀sì. Kò gbọdọ̀ gún abẹ́rẹ́. Ẹnu rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ já, nítorí àwọn ẹbí ẹlòmíràn a máa fi orúkọ àìsàn pa mọ́ fún aláìsàn. Ọmọ tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń rí lára kò ní pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ti ẹni tí omijé rẹ̀ kò jìnnà, a kò rò pé ìyẹn burú.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ló gbẹgẹ́ jù. Ilé ìwòsàn aládàáni kan lè kọ́ ọmọ fún oṣù díẹ̀ kó sì fún un níwèé, ṣùgbọ́n Nursing and Midwifery Council of Nigeria kò ní torí ìyẹn kà á sí nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, tàbí ilé ẹ̀kọ́ ìlera ti ìjọba ní Ẹlẹ́yẹlé, tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko.

Àwọn mìíràn ń yáwó nítorí àtilọ ṣe ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje, 2025, ìjọba ibẹ̀ ti dáwọ́ físà tuntun irú iṣẹ́ yẹn dúró fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ẹni tó bá ń gba owó yín lórí ìlérí náà lónìí, irọ́ ló ń pa.

Nítorí náà, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ìwé ẹ̀yáwó, kí lẹ́tà náà sọ àjọ tó fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún àti iye oṣù tí ọmọ yóò lò níbẹ̀.